Ike Tó Ń Gbé Ẹsẹ̀ Dúró

Stroke mú màmá àgbà mi ní Oǹdó. Wọ́n ti ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n iwájú ẹsẹ̀ òsì wọn ń wọ́ nílẹ̀. Ẹní lásán lè gbé wọn ṣubú.

Kí ló fà á? Ọpọlọ ló ń rán iṣẹ́ sí iṣan tó ń gbé ọmọ ẹsẹ̀ sókè. Stroke ba apá ọ̀tún ọpọlọ wọn jẹ́, iṣẹ́ náà kò wá dé ẹsẹ̀ òsì dáadáa mọ́.

Ike tí wọ́n ń pè ní AFO ló ń ran irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí bíi lẹ́tà L: ó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀ gòkè sí abẹ́ orúnkún, wọ́n á fi bẹ́líìtì dè é. Kì í jẹ́ kí iwájú ẹsẹ̀ já wálẹ̀.

Àṣìṣe tiwa nìyí: sílípáàsì la fi wọ̀ ọ́, ló bá ń yọ̀. Bàtà tó bo gìgísẹ̀, tó sì fẹ̀ díẹ̀, ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ wo awọ ẹsẹ̀. Bí ibi tó pọ́n kò bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ gbé e padà kí wọ́n tún un ṣe.

AFO kì í wo stroke sàn o; eré ìdárayá ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró. Ilé ìwòsàn UNIMED wà ní Oǹdó. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, màmá àgbà fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì.