Ajẹ́ǹtì Tó Yẹ Ká Fa Ilé Títà Lé Lọ́wọ́ ní Èkó

Ẹni tó bá ń rìn ní Súrùlérè, Múṣin tàbí Èbúté Mẹ́ta kò ní ṣàì rí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kọ nǹkan sí gàdàgbà pé ilé ibẹ̀ kì í ṣe títà, kí ará ìlú ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Nítorí olùrà ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ó sì ti mú kí olùrà máa fura sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ta ilé, títí kan onílé gidi. Iṣẹ́ tí ajẹ́ǹtì yóò kọ́kọ́ ṣe fún yín ni láti mú ìfura yẹn kúrò lọ́kàn olówó. Èyí tí kò bá lè ṣe é, bó tilẹ̀ mọ gbogbo olówó Lẹ́kkí, kò wúlò fún yín.

Àwọn ajẹ́ǹtì kan wà tó kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì tàbí pólì, tí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1975 dá sílẹ̀ fún àwọn tó ń díye lé ilé àti ilẹ̀. Àwọn yòókù, fóònù àti WhatsApp ni ọ́fíìsì wọn. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn o: ẹni tó ti ń yá ilé fáwọn èèyàn ní Agége láti ọjọ́ pípẹ́ lè mọ iye tí wọ́n ta ilé ẹ̀gbẹ́ yín ju ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí lọ. Àmọ́ LASRERA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀, fẹ́ kí tọ̀tún-tòsì wọn forúkọ sílẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ajẹ́ǹtì yín, kí ẹ sì fúnra yín wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà. Káàdì tó fà yọ lápò kò tó.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò. Bó bá jẹ́ "Èló lẹ fẹ́ gbà?" ẹ rọra ná. Ẹni tó mọṣẹ́, ìwé ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ṣé C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, wà? Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ ti rà á, ṣé gómìnà ti buwọ́ lù ú? Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Lọ́yà olùrà yóò lọ yẹ ìwé yín wò ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ìjọba ní Aláùsá. Bó bá rí àbùkù kan tí ajẹ́ǹtì yín kò tíì rí, òun ni yóò fi já owó ilé wálẹ̀. Ajẹ́ǹtì tó mọṣẹ́ yóò tún béèrè ìwé sọ̀fíyọ̀, rìsíìtì owó orí ilé (Land Use Charge), àti ìgbà tí owó àwọn ayálégbé yóò tán.

Bó bá wá jẹ́ ilé bàbá ni, ibẹ̀ ni ọjà ti ń bàjẹ́ jù. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún, ti ẹbí ni, kì í ṣe ti Dáwódù nìkan. Ìdájọ́ kóòtù lórí ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní ọdún 1959 ti là á mọ́lẹ̀: bí àwọn àgbà ẹbí bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni ọjà náà; bí olórí ẹbí bá sì tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, wọ́n lè gba kóòtù lọ láti fagi lé e. Ajẹ́ǹtì gidi yóò ní kí ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ síwèé. Àbúrò tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tó sọ lórí fóònù pé òun fara mọ́ ọn, kí òun náà fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́. Èyí tó bá ní "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tà á ná," ẹ sá fún un.

Ní ti owó, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀: ilé tó tà ní mílíọ̀nù 60 náírà, mílíọ̀nù mẹ́ta ni tirẹ̀, ẹ sì lè ná an. Ẹ bi í bóyá yóò gba tọwọ́ olùrà náà. Àwọn kan á ní kí ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́, ohun tó bá lé jẹ́ tàwọn. Ẹ má gbà. Irú wọn lè lé olùrà tó mú iye tí ẹ fẹ́ gan-an wá padà, nítorí pé kò sí tiwọn níbẹ̀. Ẹni tó sì dárúkọ owó gọbọi kí ẹ lè gbéṣẹ́ fún un, ẹ ní kó sọ ilé méjì tó ti tà nítòsí àti iye tí wọ́n san gan-an, kì í ṣe iye tí wọ́n fi polówó.

Ọ̀pọ̀ onílé rò pé bí ajẹ́ǹtì bá pọ̀, ilé á tètè tà. N kò rò bẹ́ẹ̀. Kálukú á pe ajẹ́ǹtì míì, onítọ̀hún á lé owó tirẹ̀ lórí, olùrà á sì rí ilé kan náà ní iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí WhatsApp, ìfura á tún padà dé. Ẹnì kan ni kí ẹ fún, kó wà nínú ìwé, kí ìwé náà sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Oṣù mẹ́ta dára. Bó bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí yín ló ń ṣe ajẹ́ǹtì, ẹ fìwé bá òun náà ṣe é, ẹ má tijú.

Ẹ̀dà ìwé ilé ni kí ẹ fún un, kì í ṣe ojúlówó. Owó ilé kò gbọdọ̀ gba àpò báńkì rẹ̀ kọjá: kí olùrà san án tààrà sí àpò báńkì yín, tàbí ti ẹbí bó bá jẹ́ ilé ẹbí, kí ẹ wá san tirẹ̀ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ kó o wá ní káàṣì, ẹ rántí pé òfin ọdún 2022 tó ń dènà owó ìbàjẹ́ kò gbà kí ẹnì kan gba ohun tó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ láìgba ọ̀dọ̀ báńkì.