Ooru ọjà Kpankou: ibòji igi àti òrùlé funfun lè dín in kù

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ooru mú ní gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Benin náà wà níbẹ̀, débi pé pẹ̀lú ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó ń ṣe ara bíi ìwọ̀n 50 Celsius. Ní Kpankou, ìyá tó pàtẹ tòmátì sí gbangba mọ̀ pé kí ọ̀sán tó pọ́n, ọjà á ti máa rọ̀, orí á sì ti máa fọ́ òun náà. Bó bá délé, abẹ́ páànù ló tún ń sùn.

Páànù yìí ń tan èèyàn jẹ. Tuntun rẹ̀ ń dán, ó ń dá oòrùn padà, ṣùgbọ́n ooru tó bá ti gbà sára kì í tètè jáde lọ sókè. Inú ilé ló ń dà á sí. Bó bá wá dógùn-ún, ó tún burú sí i. Ọ̀dà funfun ń dá oòrùn padà, ó sì ń tú ooru sílẹ̀. Ní Ahmedabad ní Íńdíà, níbi tí ooru ọdún 2010 ti pa èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun òrùlé àwọn tálákà ní funfun ní 2017. Ẹ béèrè ọ̀dà tó ń lẹ̀ mọ́ irin o. Ẹni tó bá sì ń gbe omi òjò mu, kó ṣọ́ra fún ọ̀dà olóró.

Ti igi kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀dán tí àwọn baba wa gbìn sójú ọjà kì í ṣe fún ẹwà lásán: ibòji rẹ̀ ń dí oòrùn, omi tí ewé rẹ̀ ń tú sáfẹ́fẹ́ sì ń mú ibẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n bí ìsọ̀ bá fẹ́ pọ̀ sí i, igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé, wọ́n á wá da sìmẹ́ńtì tó ń mú ooru dání di alẹ́.

Freetown ní Sierra Leone bẹ̀rẹ̀ ètò igi mílíọ̀nù kan ní 2020. Ohun tó wù wá níbẹ̀ ni pé wọn kì í gbìn ín kí wọ́n sì máa lọ: wọ́n ń sanwó fún aráàlú tó ń tọ́jú igi, fóònù ni wọ́n sì fi ń tọpa rẹ̀ bóyá ó yè. Wọ́n tún ta ìbòrí tó ń dá oòrùn padà sórí ọjà mẹ́ta tí àwọn obìnrin ti ń tajà ní gbangba.

Ní Benin, láti 1985, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi. Òjò ń rọ̀ nígbà náà, gbígbìn kò nira. Ẹ̀ẹ̀rùn àti ewúrẹ́ ló ń pa igi. Igi mẹ́wàá péré tó fún àwọn ọlọ́jà Kpankou láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi ọgbà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kí wọ́n sì ti pinnu kí ọjọ́ yẹn tó pé, ta ni yóò máa bomi rin èwo ní oṣù kejìlá.