IṢẸ́ ONÍFỌ́TÒ ARÌNRÌN-ÀJÒ: ṢÉ IṢẸ́ NI TÀBÍ ERÉ?

 

Láyé ìsinsìnyí tí kámẹ́rà wà nínú fọ́ònù olúkúlùkù, àwọn ọmọ kan ń sọ fún wa pé iṣẹ́ fọ́tò ni àwọn fẹ́ ṣe. Kì í ṣe fọ́tò ìsọmọlórúkọ tàbí ti ìgbéyàwó ni wọ́n ń wí. Wọ́n fẹ́ rìn káàkiri ayé, kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n la aginjù kọjá, kí wọ́n sì máa ta àwòrán ohun tí wọ́n rí. Àwọn òbí a ní, "Eré ni! Ta ni fọ́tò òkè bọ́ yó rí?" Èyí ni a fi rò pé ó yẹ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kí òbí má baà kọ̀ ọ́ láì mọ̀ ọ́n, kí ọmọ má sì kó sínú rẹ̀ láì mọ ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀWÒRÁN ÀTI ẸSÌN

A mọ̀ pé ìbéèrè yìí ni ìjọ wa yóò kọ́kọ́ béèrè. Àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí fọ́tò. Àwọn kan kọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn, tí Muhammad Bakhit al-Muti'i tí ó ti jẹ́ Mufutí ilẹ̀ Íjíbítì rí wà lára wọn, gbà á láyè, wọ́n ní òjìji ni kámẹ́rà kàn dá dúró. Ṣùgbọ́n ní ti òkè, igi, omi àti àwọsánmà, ọ̀rọ̀ rọrùn. A gbọ́ nínú hádíìsì pé Ibn Abbas (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gba ẹnì kan tí ó ń fi àwòrán jẹun nímọ̀ràn pé kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí.

OHUN TÍ IṢẸ́ NÁÀ JẸ́

Oríṣi méjì ni onífọ́tò arìnrìn-àjò. Ọ̀kan ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Èkejì dá dúró: kò ní ọ̀gá, kò ní owó oṣù, kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Òun ni ó ń ra kámẹ́rà rẹ̀, òun ni ó ń wá oníbàárà. Bí òjò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò rí nǹkan kan yà, orí rẹ̀ ni àdánù náà wà.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé fún un pọ̀. Ìwé ìròyìn lè gbé iṣẹ́ fún un, kí ó san owó iṣẹ́ àti owó ìrìn-àjò. Ó lè kó fọ́tò tí ó ti yà sílẹ̀ fún alágbàtà, tí yóò máa wá ẹni tí ó fẹ́ lò ó, tí wọn yóò sì jọ pín owó rẹ̀. Ó lè ṣe ìwé, ó lè ta fọ́tò ńlá tí a ń gbé kọ́ ara ògiri, ó sì lè máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá gbára lé ẹyọ kan nínú wọn, kì í pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbẹ.

MẸKÁNÍÌKÌ TÍ Ó DI ONÍFỌ́TÒ

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tí ayé mọ̀. Galen Rowell ni orúkọ rẹ̀, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1940. Láti kékeré ni ó ti ń gun òkè tí kò jìnnà sí ilé wọn. Ó wọ yunifásítì, kò parí rẹ̀, ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tún mọ́tò ṣe. Mẹkáníìkì ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá ti ráyè, a gbé kámẹ́rà, a gba orí òkè lọ. Ní 1972 ni ó tó ta ṣọ́ọ̀bù náà, tí ó sọ fọ́tò di iṣẹ́ gidi.

Ní 1973, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gun ojú àpáta Half Dome ní Yosemite, èyí tí ó ga tó nǹkan bí 600 mítà, láì fi òòlù kan irin mọ́ ọn. Okùn àti irin kéékèèké tí wọ́n ń fi ọwọ́ há sínú lílà àpáta ni wọ́n lò. Ìtàn rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn National Geographic ní 1974, orúkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Ẹ kíyè sí i pé kò fi iṣẹ́ tí ó ń bọ́ ọ sílẹ̀ kí ó tó mọ èyí tí ó ń lọ bá. Ẹ sì kíyè sí i pé òkè gígùn ni ó sọ fọ́tò rẹ̀ di ọ̀wọ́n. Ẹni tí kò lè dé ojú àpáta yẹn kò lè ya fọ́tò ibẹ̀, bó ti wù kí kámẹ́rà rẹ̀ wọ́n tó.

ÌMỌ̀ ÌMỌ́LẸ̀

Ìmọ́lẹ̀ ni onífọ́tò ń fi ṣiṣẹ́, bí agbẹ́gilére ti ń fi igi ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ yìí kò ṣàjòjì sí àwa oníkéwú. Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tí ó kú ní nǹkan bí 1040, ti ṣàlàyé nínú Kitāb al-Manāẓir bí ìmọ́lẹ̀ fìtílà púpọ̀ ṣe ń gba ojú ihò kan wọ ibi tí ó ṣókùnkùn láì dàrú mọ́ra wọn. Orí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà dúró lé.

Ní 1981, Rowell wà ní ìlú Lhasa ní Tibet, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 3,650 mítà, tí èémí kì í tó àlejò. Ààfin ńlá kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Potala. Òṣùmàrè yọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá rí fọ́tò tí ó yà lọ́jọ́ náà yóò rí i pé orí ààfin ni òṣùmàrè náà sọ̀ kalẹ̀ sí, yóò sì ní oríire lásán ni. Ṣùgbọ́n òṣùmàrè kì í dúró sójú kan bí igi. Ẹ̀yìn wa ni oòrùn máa ń wà nígbà tí a bá ń wò ó, ibi tí olúkúlùkù bá sì dúró sí ni ó ti ń rí tirẹ̀. Bí a bá rìn, yóò dà bí ẹni pé ó ń bá wa rìn. Nígbà tí Rowell kọ́kọ́ rí i, kò sí lórí ààfin. Ó mọ̀ pé bí òun bá dé ibi tí ó yẹ, yóò bọ́ sí orí rẹ̀. Ó sáré lórí ilẹ̀ gíga yẹn tòun ti kámẹ́rà, ó sì bá a kí ó tó pòórá. Ìmọ̀ ni ó tọ́ ọ sọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbé e débẹ̀.

Ìdí tí irú àwọn onífọ́tò báyìí fi ń jí ní àsùbáà náà nìyẹn. Nígbà tí oòrùn bá wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó kàn wá. Àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ a fọ́n ká lójú ọ̀nà, èyí tí ó pupa àti èyí tí ó dà bí wúrà ni yóò kù. Lọ́sàn-án gangan, ìmọ́lẹ̀ a funfun, òjìji a dúdú kirikiri, ẹwà ilẹ̀ a sì fara pamọ́.

TA NI Ó NI FỌ́TÒ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹni tí ó dá dúró kì í sábà ta fọ́tò rẹ̀ pátápátá, àyè láti lò ó ni ó ń tà. Ó dà bí onílé tí ó fi ilé háyà: ayálégbé san owó, ó gbé ibẹ̀ títí àdéhùn fi parí, ilé ṣì jẹ́ ti onílé. Fọ́tò kan náà lè wọ ìwé ìròyìn lọ́dún yìí, kí ó wọ kàlẹ́ńdà lọ́dún tí ń bọ̀, kí ó sì wọ ìwé ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá ka ìwé àdéhùn dáadáa lè fọwọ́ sí i pé òun ti fi ohun tí ì bá máa bọ́ ọmọ òun ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹ rántí pé áyà tí ó gùn jù lọ nínú Kùránì, lórí kíkọ gbèsè àti àdéhùn sílẹ̀ ni.

Ọjà náà sì ti yí padà. Nígbà ayé Rowell, fọ́tò 36 ni ó wà nínú fíìmù kan, ènìyàn a sì ronú kí ó tó tẹ kámẹ́rà. Lónìí, ẹgbẹ̀rún fọ́tò kò ná wa ní fíìmù kankan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rọrùn fún wa rọrùn fún gbogbo ayé. Fọ́tò pọ̀ lọ́jà, owó tí ń ti ọ̀dọ̀ alágbàtà wá sì ti wálẹ̀ gidigidi. Ẹni tí ó mọ ibì kan dénú, tí ó mọ ìgbà òjò rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ni ó ṣì ṣọ̀wọ́n.

EWU INÚ RẸ̀

Ní òru ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, 2002, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan já nítòsí Bishop ní California. Rowell àti ìyàwó rẹ̀, Barbara, wà nínú rẹ̀, wọ́n ń padà sílé láti ìrìn-àjò. Ènìyàn mẹ́rin ni ó kú. Ọwọ́ Ọlọ́hun ni ọjọ́ ikú wà, a kò sì sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé wa ni pé ẹni tí ó gùn àpáta láti kékeré, ojú ọ̀nà ilé ni ikú ti bá a. Ìrìn-àjò fúnra rẹ̀ wà lára ewu iṣẹ́ yìí.

Nítorí náà, kí ẹni tí yóò ṣe é máa sọ ibi tí ó ń lọ àti ọjọ́ tí yóò dé fún ará ilé, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó padà. Ní 1975, Rowell bá àwọn ará Amẹ́ríkà kan lọ sí òkè K2 ní Pakistan, tí ó ga ní 8,611 mítà. Wọn kò dé orí rẹ̀, wọ́n padà. Síbẹ̀, ìrìn-àjò náà ni ó fi ṣe ìwé kan tí ó jáde ní 1977. Pípadà kò gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín bá ní iṣẹ́ yìí ni òun fẹ́, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi í léèrè iṣẹ́ ọwọ́ tí yóò máa bọ́ ọ kí fọ́tò tó máa pa owó. Ẹ bi í bóyá ó lè ka ìwé àdéhùn, kí ó sì ṣírò owó àlọ àti owó àbọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, òkè ẹ̀bá ilé ni Rowell ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò tíì jí ní àsùbáà lọ wo bí oòrùn ṣe ń yọ lórí àpáta Ìdànrè, kí ni ó ń wá lọ sí Tibet?

Kí Ọlọ́hun fi iṣẹ́ tí ó ní èrè mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́, kí ó sì máa mú arìnrìn-àjò wa dé ilé láyọ̀. Àmín.