Lédìí Tó Tutù Kò Fi Hàn Pé Ọ̀nà Ìtọ̀ Là: Ìwé Ìlàlóye fún Òbí Ọmọkùnrin ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó

Bí a bá béèrè ní ilé ìwòsàn bí ọmọkùnrin ìkókó ṣe ń tọ̀, èsì tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fún wa ni pé, "Ó ń tọ̀ dáadáa, lédìí rẹ̀ kì í gbẹ." Èsì yẹn ló mú ká kọ ìwé yìí. Awọ tín-ín-rín kan máa ń hù sínú ọ̀nà ìtọ̀ àwọn ọmọkùnrin kan láti inú oyún. Nínú bí ọmọkùnrin 5,000 sí 8,000, a lè rí ẹnì kan tó ní in. Awọ náà kì í sábà dí ọ̀nà pátápátá. Àpò ìtọ̀ á kún, ara rẹ̀ á le, ìtọ̀ á wá máa kán jáde díẹ̀díẹ̀, bí táǹkì tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ṣe máa ń rin ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò yọ omi. Lédìí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa tutù tọ̀sán-tòru, kí ìtọ̀ sì máa padà gòkè lọ ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Bí ìtọ̀ ṣe ń jáde gan-an la fẹ́ kẹ́ ẹ wò.

Ẹ wò ó nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lédìí, torí atẹ́gùn tútù sábà máa ń mú ìkókó tọ̀. Ìtọ̀ tó já geere máa ń ta jìnnà, débi pé á dé ara ẹni tó ń tú lédìí. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń kán tó-tó-tó, tó ń dá tó tún ń bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ ń gin, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n kí díẹ̀ tó jáde, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ ìdodo rẹ̀ lẹ́yìn tó bá tọ̀ tán. Bí nǹkan róbótó tó le bá ṣì wà níbẹ̀, àpò ìtọ̀ kò tú nìyẹn. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, èébì, àti ara tí kò fẹ́ sanra náà wà lára àmì rẹ̀.

Àwọn kan á ní síkáànù inú oyún kò rí nǹkan kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù 3 tàbí 4 lè má tíì rí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 ni kíndìnrín tó wú máa ń hàn dáadáa. Kódà èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì ìbí lè tan ènìyàn jẹ, torí ìtọ̀ ọmọ tuntun kò tíì pọ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí síkáànù oyún bá sì ti sọ pé kíndìnrín ọmọ wú tàbí pé omi inú ilé ọmọ kéré, ẹ gbé e wá bí ìtọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ ń ta jìnnà, torí àpò ìtọ̀ tó ti le lè máa fi ipá tì í jáde. Àwọn mìíràn á ní àtọ̀sí ni, wọ́n á gbé àgbo kaná. Láti 1919 ni Hugh Hampton Young ti ṣàlàyé àìsàn yìí ní Amẹ́ríkà: wọ́n ń bí i mọ́ ọmọ ni, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kò sì sí àgbo tó lè gé awọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń padà sílé ni ìgbà tí a bá ní kí wọ́n lọ ya ẹ́sírè. Wọ́n á ní, "Ṣebí a ti ṣe síkáànù?" Síkáànù máa ń fi àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín tó wú hàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ẹ́sírè ló ń fi ibi tí ọ̀nà ti dí hàn: wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ oògùn sínú àpò ìtọ̀, wọ́n á máa ya àwòrán bí ọmọ ṣe ń tọ̀ ọ́ jáde. Láti Ọ̀rẹ̀, a lè fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn UNIMED ní Oǹdó tàbí Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé wá, ẹ má fi ìwé síkáànù nìkan ránṣẹ́. Ẹ mú káàdì aláboyún dání. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó lẹ́nu géètì. Ibi ìsanwó nìkan ni kẹ́ ẹ ti san án, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì.