Ọwọ́ Tí Ó Ń Pe Ènìyàn Sí Ilé Ijó

Púpọ̀ nínú wa ni a ní ọmọ tí ó mọ àwòrán yà. Kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Ẹni tí ó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni ó ń ṣe é fún. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti ń kàn díẹ̀díẹ̀, ilé ijó alẹ́ yóò ní kí ó bá àwọn ya ìwé ìpolówó, ilé iṣẹ́ ọtí yóò ránṣẹ́ pè é, oníṣòwò aṣọ ìgbàlódé náà yóò wá. Ṣé kí ó gba iṣẹ́ náà ni, àbí kí ó kọ̀ ọ́? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a gbé ìtàn ọkùnrin kan yẹ̀ wò tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Henri de Toulouse-Lautrec ni orúkọ rẹ̀. Inú ìdílé ọlọ́lá ni a bí i sí ní ìlú Albi, ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1864. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 13, egungun itan rẹ̀ kan kán. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, èkejì tún kán. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn sí i mọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti fi ẹ̀bùn sí i lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì mú. Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ ń gbé ní Montmartre, àdúgbò fàájì ní ìlú Páríìsì.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ilé ijó Moulin Rouge ní ọdún 1889. Ní ọdún 1891, Charles Zidler tí ó ń darí ilé náà gbé iṣẹ́ ìwé ìpolówó fún Lautrec. Òkúta ni wọ́n fi ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ayàwòrán á fi ohun ọlọ́ràá ya àwòrán sójú òkúta pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi omi rin ín. Ibi tí ọ̀rá wà kò ní gba omi, ibẹ̀ ni tàdáwà yóò lẹ̀ mọ́. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òkúta tirẹ̀. Nítorí náà Lautrec kò lo àwọ̀ púpọ̀. Ó kọ orúkọ ilé ijó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, ó fi oníjó tí wọ́n ń pè ní La Goulue sí àárín, ó sì sọ àwọn òǹwòran di òjìji dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ń kọjá lọ ní òdì kejì títì kò lè ṣàì rí i. Nǹkan bí 3,000 ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri Páríìsì.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ní ọdún 1892 ó ya ti akọrin Aristide Bruant. Ní ọdún 1893 ó ya ti oníjó Jane Avril. Kì í ṣe ilé fàájì nìkan ni ó ṣiṣẹ́ fún. Ní ọdún 1894 ó polówó bébà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fọ́n níbi àríyá, fún ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1896 ó polówó ṣéènì kẹ̀kẹ́ Simpson. Gbogbo ìwé ìpolówó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 30.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ń jókòó. Wọ́n ní tábìlì tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún un ní Moulin Rouge. Ẹni tí ìwé náà pè yóò wá ní alẹ́ kan, yóò sì padà sílé; ẹni tí ó ya ìwé náà wà níbẹ̀ ní alẹ́ dé alẹ́. Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ọtí wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ní ọdún 1899 wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Neuilly. Níbẹ̀, láìsí ẹni tí ó dúró fún un láti yà, ó ya àwọn tí ń fi ẹṣin dárà àti àwọn apanilẹ́rìn-ín tí ó ti rí rí, kí àwọn dókítà lè mọ̀ pé orí òun pé. Wọ́n dá a sílẹ̀, ó tún padà sídìí ọtí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1901, ó kú ní Malromé, nílé ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún 36 ni. La Goulue tí ó yà náà kú nínú òṣì ní ọdún 1929.

Ìyá rẹ̀, Adèle, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Maurice Joyant kó àwọn iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún ìlú Albi, wọ́n sì ṣí ilé tí a ń kó wọn sí ní ọdún 1922. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ tí ó ya ilé ijó ni ó ya ṣéènì kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ mìíràn wà fún ọwọ́ tí ó mọṣẹ́. Bí ọmọ yín bá mú iṣẹ́ ilé fàájì wálé, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ẹ bi í léèrè ibi tí wọn yóò ti san owó rẹ̀, aago mélòó ni yóò padà, ta ni yóò bá a jẹun lẹ́yìn iṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá gba pé kí ó máa jókòó níbẹ̀ lálaalẹ́, owó yòówù kí wọ́n san, ó ti wọ́n jù. Ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ìfẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ ní aago yòówù tí ó bá dé.