Kí Àjáǹsì Tó Mú Aláìsàn Lọ Sókèèrè

Ẹ̀yin ará wa, àìsàn kan wà tí ilé ìwòsàn abúlé lè wò. Òmíràn wà tí wọ́n ń gbé lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnú. Òmíràn sì wà tí dókítà yóò sọ pé: «Ẹ̀rọ tí a ó fi ṣe iṣẹ́ yìí kò sí níbí.» Nígbà náà ni ẹbí máa ń ronú òkèèrè: Tùnísíà, Mòrókò, ilẹ̀ Faransé tàbí Índíà.

Ọ̀nà jìn. A kò mọ ibẹ̀, a kò gbọ́ èdè wọn. Nítorí èyí ni àwọn kan fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa ṣe ètò ìrìn àjò fún aláìsàn. Ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní àjáǹsì. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni. Aláìsàn kì í ṣe ẹrù. Ẹbí lè ta ilẹ̀, kí wọ́n ta màlúù, kí owó náà tó pé. Bí àjáǹsì kò bá múra, owó á lọ, ara ò sì ní yá.

Kí ni ìmúra náà? Ẹ jẹ́ ká wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí yóò mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá yóò mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

1. Mímọ ilé ìwòsàn

Àjáǹsì kò gbọdọ̀ rán ènìyàn lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ta ni dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà? Ṣé ìjọba ibẹ̀ fún un ní ìwé àṣẹ? Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń fún àjáǹsì lówó lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àjáǹsì sọ ọ́ fún ẹbí ní gbangba. Ẹni tó bá fi í pamọ́, owó ló ń wá, kì í ṣe ìlera.

2. Ìwé aláìsàn

Kí àjáǹsì kó ìwé dókítà ilé jọ, àti rádíò, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti orúkọ gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò. Kí ó béèrè oògùn ìbílẹ̀ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀: «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àgbo wo lẹ ń mu?» Àgbo mìíràn lè bá oògùn dókítà jà, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nígbà iṣẹ́ abẹ.

Ìwé wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ rin ìrìn àjò, kì í ṣe aláìsàn. Dókítà òkèèrè yóò kà wọ́n, yóò sì sọ bóyá iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Bí ó bá ní kò ṣeé ṣe, kí àjáǹsì sọ òtítọ́ fún ẹbí. Àjáǹsì kì í ṣe dókítà: kò gbọdọ̀ ṣèlérí ìwòsàn. Kò sì gbọdọ̀ sọ àṣírí aláìsàn fún ẹlòmíràn.

3. Èdè

Ibí ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bàjẹ́. Ní èdè wa, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti itan títí dé ọmọ ìka. Àwọn Faransé ní orúkọ méjì fún un: jambe ni ti òkè, pied ni ti ìsàlẹ̀. Bí màmá kan bá sọ pé: «Inú ń run mí», inú wo ni? Ṣé ibi tí oúnjẹ ń lọ ni, àbí ilé ọmọ? Ògbufọ̀ tó dára kì í sáré túmọ̀. Yóò ní: «Màmá, ẹ fi ọwọ́ kàn án kí n rí i. Ọ̀tún ni àbí òsì?»

Ní Índíà, èdè Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń kọ̀wé, kì í ṣe Faransé. Nítorí náà kí àjáǹsì wá ògbufọ̀ kí ìrìn àjò tó yá. Kó má fi iṣẹ́ náà lé ọmọ aláìsàn lọ́wọ́. Ọmọ lè tijú láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ abẹ́ ìyá rẹ̀. Ó sì lè fi ọ̀rọ̀ burúkú pamọ́ kí ìyá má baà sunkún.

4. Owó

Kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: owó àyẹ̀wò, iṣẹ́ abẹ, oògùn, ògbufọ̀, ilé àti oúnjẹ ẹni tó bá aláìsàn lọ, ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Bí aláìsàn bá pẹ́ níbẹ̀ ju bí a ti rò lọ ńkọ́? Owó ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ ṣọ́ra fún owó ìlú mìíràn. Sẹ́fà wa so mọ́ yúrò: yúrò 1 jẹ́ fírànkì 655 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n dọ́là kì í dúró lójú kan. Ká sọ pé ilé ìwòsàn béèrè dọ́là 5 000. Bí dọ́là 1 bá jẹ́ fírànkì 560, ó di fírànkì 2 800 000. Bí ó bá gòkè sí 620, ó di 3 100 000. Fírànkì 300 000 ti gorí rẹ̀, ilé ìwòsàn kò sì fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀.

5. Ìwé ìrìn àjò

Láàrin àwọn ìlú CEDEAO, àdéhùn ọdún 1979 jẹ́ kí ọmọ ìlú wọ ìlú kejì fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìtọ́jú náà wà nítòsí. Índíà ní físà ti aláìsàn, ó sì ní ti ẹni tó ń bá a lọ. Ó tún ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ẹ gbà á ní kùtùkùtù, torí ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ìwé náà tó ń ṣiṣẹ́.

6. Kíndìnrín kì í ṣe ọjà

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò bá yín ra kíndìnrín, ẹ sá fún un. Láti ọdún 1994 ni òfin Índíà ti ka títà àti rírà ẹ̀yà ara ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀.

7. Ìpadàbọ̀

Ẹni tí wọ́n la ikùn tàbí àyà rẹ̀ yẹ kó dúró ó kéré tán ọjọ́ 10 kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Dókítà rẹ̀ ló sì máa sọ ìgbà tó lè wọ̀ ọ́. Kí àjáǹsì ti bá dókítà ilé sọ̀rọ̀ ṣáájú: ta ni yóò tú ojú ọgbẹ́? Ta ni yóò máa wo aláìsàn lẹ́yìn náà?

Kí nọ́mbà tẹlifóònù kan wà tí ènìyàn ń gbé ní ọ̀sán àti ní òru. Nígbà tí aago 8 alẹ́ bá lù ní Bẹ̀nẹ̀, aago 12 ààbọ̀ òru ni ní Índíà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣòroó sọ, ṣùgbọ́n ó yẹ. Bí Ọlọ́run bá pe aláìsàn lọ́hùn-ún, ta ni yóò gbé e wálé? Ta ni yóò san owó rẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i. Àmọ́ kí ó wà nínú ìwé tí àjáǹsì àti ẹbí jọ fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ta ilẹ̀ kí ẹ tó rí ìwé. Ẹni tó mọ̀wé kà, kó kà á fún ẹbí rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ka. Àjáǹsì tó múra kò ní bínú sí ìbéèrè.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí ìwé aláìsàn fi gbọ́dọ̀ ṣáájú aláìsàn?
2. Bí ilé ìwòsàn bá béèrè dọ́là 2 000, tí dọ́là 1 jẹ́ fírànkì 600, fírànkì mélòó ni?
3. Ta ni ẹ lè fi ṣe ògbufọ̀ ní abúlé yín? Kí ló dé?