Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, àti ìdí tó fi ń dá

Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì ṣàdédé dákẹ́ lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn ní orílẹ̀-èdè Benin. WhatsApp kò gbéra, fídíò kò ṣí, ẹni tó fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ lókè òkun kàn ń wo àmì róbótó tó ń yí lójú fóònù. Ẹni tó bá rò pé forfait òun ló tán lọ́jọ́ yẹn kò jẹ̀bi. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa rárá. Abẹ́ òkun ló ti ṣẹlẹ̀, níwájú ìlú Abidjan, ní Côte d'Ivoire.

Okùn mẹ́rin ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: SAT-3, ACE, WACS àti MainOne. Nínú wọn, SAT-3 àti ACE ló gba inú òkun wọ Kútọnu. Kòtò jíjìn kan wà nísàlẹ̀ òkun níwájú Abidjan, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní Trou sans fond, ìyẹn ihò tí kò nísàlẹ̀. Ilé iṣẹ́ MainOne sọ nígbà náà pé ó jọ pé ilẹ̀ ló mì lábẹ́ omi tó fi fa okùn tiwọn já. Wọ́n ní ibi tó ti já jìn tó nǹkan bíi kìlómítà 3, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi kò lè dé ibẹ̀.

Okùn tí à ń wí yìí kò tóbi tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Níbi tí òkun ti jìn, kò nípọn ju rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn fọ́nrán dígí wà, tín-ín-rín bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú fọ́nrán yìí kọjá. Ká sọ ọ́ ní ọ̀nà tó rọrùn jù, ó ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn, ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé títàn àti kíkú yẹn ló ń di ohùn, ìwé àti àwòrán lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà á. Ní ọdún 1966 ni Charles Kao àti akẹgbẹ́ rẹ̀, George Hockham, fi hàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá fọ ìdọ̀tí inú dígí kúrò dáadáa, ìmọ́lẹ̀ yóò lè rin ọ̀nà jíjìn nínú rẹ̀. Ọdún 2009 ni Kao ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí dígí mọ́ tó, ó máa ń rẹ ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, bí ó ṣe ń rẹ ẹni tó ru ẹrù wúwo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń de ẹ̀rọ mọ́ okùn náà lábẹ́ òkun, ní bíi kìlómítà 60 sí 100 síra wọn, kí ó máa fún ìmọ́lẹ̀ lágbára. Ohun tó wá jọ wá lójú jù ni bí wọ́n ṣe ń mú okùn àtijọ́ yára sí i láì fọwọ́ kan òkun. Fọ́nrán kan ṣoṣo lè gbé oríṣiríṣi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ru ẹrù tirẹ̀. Wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní etíkun, wọ́n á fi àwọ̀ kún àwọ̀, okùn náà á sì gbé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, gígábíìtì 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ti fi kún un léraléra. Equiano tí Google fà wọ Lomé ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n ṣe fún tẹ́rábíìtì 144, ìyẹn ìlọ́po 1,200 ohun tí SAT-3 fi bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, yíyára nìkan kọ́ ló gba Tógò lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta yẹn. Equiano kò yà sí Abidjan, ọ̀nà tirẹ̀ jìnnà sí etíkun, kò sì já. Ní ti Benin, SAT-3 àti ACE kọjá ní ibi kan náà, ibi kan náà ni wọ́n sì ti bàjẹ́. Àwọn àgbà tó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà kò mọ fáíbà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Okùn orí ilẹ̀ tó so Benin mọ́ àwọn aládùúgbò ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń kà á sí lọ.

Àtúnṣe kì í sì í yá. MainOne sọ pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, pé ìrìn ọkọ̀ tó máa ṣe é lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀kan tó lórúkọ nílẹ̀ Áfíríkà ni Léon Thévenin, tí wọ́n kàn ní 1983, tó sì fi Cape Town ṣe ibùdó. Ìwọ̀ ni wọ́n ń sọ sísàlẹ̀ òkun láti fi gbé okùn wá sókè. Wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́ dànù, wọ́n á fi iná jó fọ́nrán dígí mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì sọ ọ́ padà sómi.

Bí òkun bá tilẹ̀ dára, ọ̀nà ṣì kù láti Kútọnu dé Kétu tàbí Sábẹ̀. Òpó tó ń fún fóònù ní 4G ní abúlé lè má ní fáíbà nídìí. Afẹ́fẹ́ ló fi ń bá òpó kejì sọ̀rọ̀, nípasẹ̀ àwo róbótó tó wà lórí rẹ̀. Òpó bẹ́ẹ̀ dà bí agbè: inú rẹ̀ tóbi, ẹnu rẹ̀ kéré. Nírọ̀lẹ́ tí gbogbo èèyàn bá dé láti oko àti ọjà tí wọ́n ṣí fóònù, ẹnu agbè ni wọ́n jọ ń dù. Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ kan bá wá bá baálẹ̀ pé òun fẹ́ gbé òpó tuntun kalẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá fáíbà máa dé ìdí rẹ̀.

Níbi tí omi bá dí ọ̀nà fáíbà, ìmọ́lẹ̀ tún lè fo afẹ́fẹ́. Odò Kóńgò ló pín Brazzaville àti Kinshasa níyà, ìlú méjèèjì ń wo ara wọn, àmọ́ okùn tó so wọ́n pọ̀ ní láti yí ju 400 kìlómítà lọ kó tó débẹ̀. Ní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ Taara, láti ilé iṣẹ́ tó ni Google, gbé ẹ̀rọ kan sí ẹ̀gbẹ́ odò kọ̀ọ̀kan. Ìtànṣán tí ojú kò lè rí ló ń kọjá láàárín wọn, ní kìlómítà 4.8, ó sì ń gbé gígábíìtì 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà Àjàṣẹ́ yóò rí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wù wá. Kùrukùru ni ọ̀tá rẹ̀. Eruku ọyẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá síbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò nígbà ọyẹ́.

Starlink náà ti ń tà ní Benin láti oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ó ń ran ibi tí òpó kò dé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó gbà lójú ọ̀run máa ń padà sọ̀ sórí ilẹ̀ ní ibùdó kan, inú fáíbà ló sì tún ń wọ̀.

Ohun kan wà tí kò ná wa ní okùn tuntun. Ní Kútọnu, ibùdó kan wà tí wọ́n ń pè ní BENIN-IX, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti lè gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn nínú ilé. Bí iléeṣẹ́ méjì kò bá pàdé ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, ìwé tí ẹni tó wà ní Pobè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní Sakété lè kọ́kọ́ gba abẹ́ òkun dé Yúróòpù kó tó padà wá. Lórí zémidjan, ọ̀nà yẹn kò gbani ní ọ̀sán kan.